Kóòtù Rọ̀fíátù

Inú náílọ̀n tó ń dán ni kóòtù náà ti jáde,
owó ẹja oṣù méjì ni, láti inú agolo mílíìkì.
Ẹni tí wọ́n fi ara rẹ̀ gé e, a kò mọ̀ ọ́n rí.
Ẹni náà ní èjìká, ó sì ní apá gígùn,
kì í ṣe ọmọ Òkè-Balógun
tó ru agbọ̀n ẹja títí ọrùn rẹ̀ fi kúrú.

Rọ̀fíátù wọ̀ ọ́, ó dúró níwájú dígí.
Apá kóòtù gbé ìka rẹ̀ mì,
èjìká yọ jáde bí páànù tí wọn ò tíì kàn níṣòó.
Ó ní, "Bàámi, wọ́n á sọ pé mo yá a ni."
Mo ní, "Bọ́ ọ."

Télọ̀ Ìta-Ọ̀pọ̀ ní ó di ọjọ́ Ẹtì.
Ọjọ́rú ni ilé-ìwé tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ ní kó wá.
Kí ni kí baba ṣe?

Ogójì ọdún ni mo fi tún àwọ̀n ṣe létí ọ̀sà yìí.
Mo mọ ibi tí òwú ti ń gbó kó tó já,
mo mọ kókó tí omi ò lè tú.
Ṣùgbọ́n ihò ni iṣẹ́ àwọ̀n.
Aṣọ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ihò lára òun.

Mo gbé agolo bísíkíìtì ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀,
agolo tí bísíkíìtì ti tán nínú rẹ̀ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ:
abẹ́rẹ́ mẹ́ta, bọ́tìnì tí kò bá ara wọn tan,
ṣọ́ọ̀kì tó kù bí eyín ọmọdé,
àti téèpù kan tó ti fà,
tó ń purọ́ díẹ̀ lórí ohunkóhun tó bá wọ̀n.
Ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ iye tí à ń yọ kúrò nínú irọ́ náà.
Kò sọ fún wa kó tó lọ.

Nítorí náà, ìka ni mo fi wọ̀n ọ́n.

"Yí i, kí inú rẹ̀ wà níta. Wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀."
Mo fi píìnì mú èjìká, mo mú ìhà.
"Má mí."
Nígbà tó yá, "Ó tó, mí."
Inú aṣọ olówó ńlá kò yàtọ̀ sí ẹ̀yìnkùlé:
òwú jákujàku, ibi tí wọ́n ti kánjú.
Mo fi bíléèdì tú ojú rírán, ẹyọ kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń yọ egungun ṣáwá fún ọmọ ọdún kan.

Iná lọ.
Ó gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù sókè, ó ń tòògbé,
ìmọ́lẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé orúnkún mi,
mo ń fi abẹ́rẹ́ lé e kiri.

Nígbà tó ta jí, ó na àlùmọ́gàjí sí mi.
Mo ní, "Rárá, a ò ní gé e.
A ó ká a sínú. Ìka méjì lọ́tùn-ún, ìka méjì lósì.
Iṣẹ́ á fún ọ lóúnjẹ,
ara rẹ á béèrè ibi tí yóò jókòó sí."
Ó ní, "Bàámi, wọn ò tíì gbà mí."
Mo ní, "Mo gbọ́. Síbẹ̀ a ò ní gé e."

Mo parí apá òsì bí àkùkọ ti ń kọ.
Mo dìde, kóòtù bá mi dìde:
mo ti rán an mọ́ ṣòkòtò mi.
Ẹ̀rín pa á títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
Ó pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti wọ ilé yìí gbẹ̀yìn.
Mo tú u, mo tún un rán.

Ní ìdíkọ̀, ó ń lọ níwájú, mo wà lẹ́yìn,
kóòtù náà ń bá a rìn bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tipẹ́.
Ìgbà náà ni mo rí i:
òwú funfun tí mo fi dì í mú kí n tó rán an,
gígùn bí ìka, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn apá.
Mo gbọ́wọ́ sókè kí n pè é.
Ó rò pé mo ń dágbére ni.
Òun náà juwọ́ sí mi,
apá kóòtù sì dúró gẹ́lẹ́ níbi ọrùn ọwọ́ rẹ̀.