Àwo Ọdún

Lọ́dún tí Bàbá àgbà Baltasar kú,
epo kò hó nínú ilé wa lóṣù Kejìlá.
Bẹ́ẹ̀ ni àṣà àwa Kátólíìkì etí odò Netravati:
ilé tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í dín dídùn,
kì í po ìyẹ̀fun, kì í rin àgbọn.
Ìyá àgbà Apolina yí ìkòkò epo dojú bolẹ̀
bí ẹni tó ń pa ojú òkú dé.

Òtútù ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lóròòwúrọ̀,
òtútù tí kò ju kí á wọ aṣọ kan lé kan.
Yìnyín? A ò mọ̀ ọ́n. Orí káàdì la ti ń rí i,
káàdì tí Ẹ̀gbọ́n Jeri ń fi ránṣẹ́ láti Kuwéètì,
níbi tí òun náà kò ti rí i rí.

Gbogbo ojúlé ti gbé ìràwọ̀ wọn kọ́,
iná ń tàn nínú ikùn bébà pupa.
Tiwa wà lórí àjà, egungun ọparun lásán:
Bàbá ti di apá mẹ́ta kí àyà tó dùn ún.
Apá méjì tó kù, ta ló fi í sílẹ̀ fún?
Mo gbé àkàbà. N kò béèrè.
Mo fokùn dì í, mo fi bébà bò ó,
ó wọ́ sápá kan bí àgbà tó ti mu díẹ̀.
Ìyá àgbà wò ó títí.
"Òun náà kò mọ̀ ọ́n ṣe kó dọ́gba," ló wí,
ó wọlé lọ bomi rin ọkà wẹ́wẹ́
tó gbìn sínú agolo wàrà,
kí olùṣọ́-àgùntàn alámọ̀ tí apá rẹ̀ ti kán
lè rí koríko fún ẹran rẹ̀
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùjẹ tí Ọmọ náà yóò sùn sí.

Lọ́dọọdún, èmi ni ẹsẹ̀ àwo.
Mo ń gbé e dé ọ̀dọ̀ Girija ìyàwó adẹ́mu,
dé ọ̀dọ̀ Khatijamma tí ọkọ rẹ̀ ń ta ẹja gbígbẹ:
dídùn bí ìlàjì oṣù, yànmọ̀tí nínú rẹ̀,
àti kídíyò, "kòkòrò" kéékèèké
tí a fi eyín òòyà tẹ̀ lára kí a tó dín in.
Ní Dìwálì, àwo Girija á bọ̀ wá;
nígbà ìtúnu ààwẹ̀, ti Khatijamma.
Ẹnikẹ́ni kì í kà á. Ẹnikẹ́ni kì í gbàgbé.

Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún, ọwọ́ mi ṣófo.
Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń fi igi họ ilẹ̀.
Oòrùn ti wọ́ sẹ́yìn igi àgbọn kí n tó rí wọn,
obìnrin méjì, wọ́n ń jiyàn bọ̀ nípa ṣúgà.
Khatijamma ṣí aṣọ lórí àwo.
Kídíyò ni. Òmíràn gùn bí ìka,
òmíràn ti jóná létí.
"Òòyà ọmọ mi ni mo fi ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ̀ ọ́,
má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn."
Girija gbé ìgò ẹmu àgbọn kalẹ̀:
"Kì í ṣe fún mímu o.
Sánnà ọ̀la kò ní wú láìsí i,
ọ̀fọ̀ ò sì ní kí ẹnu gbẹ."

Ìyá àgbà mú ẹyọ kan, ó gé e jẹ.
Gbogbo wa dúró bí ẹni ń retí èsì ìdánwò.
Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ.
"Kádámọ́mù ti pọ̀ jù," ló wí.
Khatijamma bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àwo kò gbọdọ̀ padà lófo.
Iná kò sí, kí la ó fi sí i?
Ìyá àgbà gba ẹ̀yìnkùlé,
ó já ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́fà
lára igi tí Bàbá gbìn lọ́dún tí wọ́n bí mi.

Nígbà tí a ń lọ sí Máàsì ọ̀gànjọ́,
mo bojú wẹ̀yìn lójú ọ̀nà.
Ìràwọ̀ wa ń yí lọ́wọ́ atẹ́gùn, díẹ̀díẹ̀.
N kò mọ apá tó jẹ́ tèmi mọ́.