Ìpè Òru

Ní Vardø, létí òkun Nọ́wè, oòrùn kì í yọjú lóṣù Kejìlá.
Ọ̀sán dúdú bí ìdí ìkòkò,
atẹ́gùn ń gbá fèrèsé ilé ìjọba ìbílẹ̀ létí,
Gunnvor nìkan ló jókòó ti tíì tó ti tutù.

Ìròyìn dé: ògiri ti lanu.
Fáìlì kékeré kan ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà,
iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ya lẹ́tà sójú gíláàsì.
Ẹni ibi ti mọ bí a ṣe ń fi lẹ́tà olóró bọ́ ọ,
tí yóò gbé e mì, tí yóò sì ṣílẹ̀kùn.
Àwọn tó kọ́lé ní, "Ẹ ní sùúrù, àtúnṣe ń bọ̀."
Ọjọ́ wo? Wọn ò sọ.
Aláǹgbá kì í sì í dúró de bíríkìlà.

Gunnvor ò ní sìmẹ́ǹtì.
Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń peni lórúkọ lóru,
tí a ò mọ ohùn ẹni tó ń pè,
a kì í jẹ́.
Ó kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀rọ,
ó kọ ìlà mẹ́ta, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì,
ó yí orúkọ fáìlì náà padà.
Kò pa á. Kò jù ú nù.
Lẹ́tà kan ṣoṣo ló fi kún ìdí orúkọ rẹ̀,
bí ẹní so òbúkọ mọ́lẹ̀.
Kọ̀ǹpútà pè é, kò sẹ́ni tó jẹ́.
Olè yóò pè é,
ògiri ni yóò bá sọ̀rọ̀.

Kọ̀ǹpútà mẹ́tàdínláàádọ́ta.
Ó ṣe ti ọ́fíìsì owó-orí, ti ilé ìkàwé,
ti ọ̀gá èbúté tó ń kùn pé òun ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.
Ti ibi ìsìnkú ló ṣe kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì Oddleif wọlé, yìnyín nínú irùngbọ̀n,
ẹni tó ń gbẹ́ orúkọ sára òkúta ibojì.
"Gunnvor, wo ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ fún mi."
Torbjørg, opó apẹja, ló yẹ kó wà níbẹ̀.
Àádọ́rùn-ún ọdún láyé,
àpótí ṣófo mẹ́jọ lórí bébà.

Ó ṣàlàyé, ṣàlàyé. Kò wọ Oddleif létí.
"Nítorí olè tí kò tíì dé,
lẹ ṣe gba orúkọ lọ́wọ́ òkú?"
Gunnvor ò rí èsì fọ̀.
Ó mú bírò, ó fọwọ́ kọ ọ́ fún un,
ó rọra fa ìlà gba inú O kejì kọjá.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún kí àtúnṣe tó dé.
Ó ń lọ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, ó ń dá orúkọ padà.
Ó kà wọ́n: mẹ́rìndínláàádọ́ta.
Ó tún wọn kà.
Ọ̀kan ń bẹ níbì kan
tí kò tíì gbọ́ pé ogun ti tú.

Bó ti ń relé, ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn nínú òkùnkùn:
"Gunnvor!"
Ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́fà
kó tó bojú wẹ̀yìn.