Ibojì Mẹ́ta

Ní oṣù kẹsàn-án, kí ilẹ̀ ó tó di òkúta,
mo gbé dígà, mo gbé ṣọ́bìrì,
mo gun òkè ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.
Bí a ti ń ṣe é nìyẹn lọ́dọ̀ wa ní àríwá Gíríńláǹdì:
bí òtútù bá ti dé, ilẹ̀ kì í gbọ́ ti dígà mọ́,
ikú kì í sì í torí òtútù jókòó sílé.
Mẹ́ta ni ìjọ ní kí n gbẹ́.
Ta ló ni ín? Ẹnikẹ́ni kì í béèrè.
Wọ́n á kí mi tán, wọ́n á wá máa wo ọwọ́ mi.

Jakobine arúgbó nìkan ló fi ọ̀pá tilẹ̀ gòkè wá.
Ó yọjú wo ihò àkọ́kọ́,
ó ní, “Eskild, fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i,
orúnkún mi kì í nà tán mọ́.”
Mo rẹ́rìn-ín. Mo fẹ̀ ẹ́.
Oṣù kọkànlá ló wọ inú rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni lọ sùn.

Minik ọmọ mi ló bá mi gbẹ́ ìkejì.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó ń súfèé.
Ó bẹ́ sínú rẹ̀ láti kó erùpẹ̀ tó kù,
ó na ọwọ́ sókè pé kí n fa òun jáde,
mo sì fà á jáde.

Mo fà á jáde, ẹ gbọ́.

Oṣù kejì, yìnyín orí òkun là lábẹ́ rẹ̀.
Ajá mẹ́rin ló dé ilé,
okùn ń wọ́ tẹ̀lé wọn lórí yìnyín.
Ọjọ́ kẹta la tó rí i,
ọwọ́ rẹ̀ nà síwájú, bákan náà.

Enok gbàdúrà lẹ́bàá ihò kejì, n kò ṣe àmín.
Bibiane ìyàwó mi ló ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì,
ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún mi.
Èmi ń bá Ọlọ́run wí nínú:
O mọ̀. O ń wò mí bí mo ti ń wọn ilẹ̀ fún ọmọ mi,
O dákẹ́.

Oṣù karùn-ún, omi ń ṣàn lára òkè.
Ìkẹta ṣì là sílẹ̀, kò gba ẹnikẹ́ni.
Mo lọ dí i. N kò dí i.
Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀,
ojú ọ̀run kéré lókè bí aṣọ ìnujú.
Ibẹ̀ ni ọkùnrin ará Arimatíà wá sí mi lọ́kàn,
ẹni tó gbẹ́ ibojì sínú àpáta,
tó wọ̀n ọ́n mọ́ ejìká ara rẹ̀,
tí kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sùn níbẹ̀.
Baba kan mọ̀.
Baba kan ń gbọ́ ìró irin lára òkúta,
ó mọ Ọmọ ta ni wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ fún,
Òun náà dákẹ́.
Títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, tí Ó na ọwọ́.

Kò tán lára mi o.
Abọ́ mẹ́ta ni mo ṣì ń gbé sórí tábìlì,
màá tún dá ọ̀kan padà.
Ṣùgbọ́n orí Bibiane yọ létí ihò náà,
ó ní, “Ṣé o ti ya wèrè ni? Kọfí ń tutù.”
Ó na ọwọ́ sí mi.
Bí ó ti ń fà mí, tí ẹrẹ̀ ń já lára mi,
mo ṣe àmín,
oṣù mẹ́ta lẹ́yìn àdúrà.