Ewúrẹ́ Tó Wọ Ọkọ̀ Ẹ̀jìnrìn

Gàníyù Odùmúyìwá kì í wọlé láìkànkùn,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá káàdì wà.
Á kàn án lẹ́ẹ̀mejì, á dúró díẹ̀,
á ní, "Ẹ jọ̀wọ́ o, ẹ̀yin fáìlì, a ti dé,"
kó tó wá ṣílẹ̀kùn.
Èmi á dúró lẹ́yìn ẹ̀ tèmi ti báàgì.
Àṣà ń ràn ju ìgbóná lọ:
mo ti ń kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná ara mi báyìí.

Ọdún kọkànlá rèé tá a jọ ń jókòó
ní ọsibítù ìjọba l'Ẹ̀pẹ́,
òun nídìí fèrèsé, èmi lábẹ́ páànù tó ń jò.
Okùn pupa ló fi so bíìrò mọ́ bọ́tìnnì àyà,
bí ẹni so ẹran mọ́ èèkàn.
Dókítà tuntun kan ní kó yá òun ní bíìrò.
Gàníyù ní, "Ó yá, ẹ máa kọ ọ́," ó na àyà sí i.
Bí wọ́n ṣe dúró nìyẹn, imú kan imú,
títí oògùn ibà fi parí lórí ìwé.

Kì í gbàgbé nọ́ńbà. Orúkọ ló máa ń gbàgbé.
"Ẹ káàárọ̀, Ẹgbàá-lé-mẹ́rìndínlógún, ẹsẹ̀ ńkọ́?"
Ìyá ẹlẹ́ja láti Olúwo á rẹ́rìn-ín, á dáhùn,
bí ẹni pé ohun tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ nìyẹn.
Ó mọ ẹni tí àtọ̀gbẹ ń bá jà,
ó mọ ẹni tí ọmọ ẹ̀ lọ sí Líbíyà tí kò pe ilé mọ́;
ṣùgbọ́n bó o bi í, fáìlì ló máa gbé bojú.

Aago méjìlá, á rẹ gàrí sínú ife onírin,
á dá ẹja gbígbẹ sí méjì,
á wo ìdajì méjèèjì bí adájọ́,
èyí tó tóbi á wá sọ́dọ̀ mi.
Ó pẹ́ tí mo ti ń dọdẹ kí n kọ́kọ́ pín ẹja yẹn.
Mi ò bá a rí.

Àléébù ẹ̀ ò kéré ṣá o.
Kì í gbà pé òun lòun sọ káàdì nù
àfi ìgbà tá a bá bá a lábẹ́ ìdí ẹ̀.

Ìtàn kan sì wà, ti ewúrẹ́ tó wọ ọkọ̀ ojú omi l'Ẹ̀jìnrìn.
Ewúrẹ́ wọlé, ó jókòó ti Lèmọ́mù.
Ọlọ́kọ̀ ń gbowó, ó ń gbowó,
ó dé ọ̀dọ̀ ewúrẹ́, ó nawọ́ sí i...
Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti máa gbé Gàníyù lọ.
Á gbá tábìlì, omi á bọ́ lójú ẹ̀,
bíìrò á máa ta pọ́ún-pọ́ún láyà ẹ̀,
àwa náà á bú sẹ́rìn-ín, a ò mọ ohun tá à ń rín.

Lóṣù tó kọjá ni ibà dá a dùbúlẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́rin.
Ọmọdé kan ń sunkún, abẹ́rẹ́ ń dúró dè é,
mo bá fi ìtàn ewúrẹ́ rẹ̀ ẹ́.
Mo sọ ọ́ dé ibi tí ọlọ́kọ̀ ti nawọ́.
Ọmọ nu imú, ó ní, "Kí ni ewúrẹ́ wá sọ?"
Mo wo nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì wò mí.
Ọdún mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún mo gbọ́ kò, kò, lára ilẹ̀kùn.
Ó ti rù, ẹ̀wù ń fẹ́ lọ́rùn ẹ̀.
Mi ò tíì kí i tán tí mo fi ní,
"Gàníyù, ewúrẹ́ yẹn, kí ló sọ?"
Ó jókòó. Ó gbọn eruku kúrò lórí tábìlì.
Ó ní, "Ọlọ́kọ̀ nawọ́ sí i.
Ewúrẹ́ wo ọwọ́, ó wo ojú ọlọ́kọ̀, ó ní..."

Èmi ni mo kọ́kọ́ gbá tábìlì.