Ìjókòó Kẹtàdínlógún

Aago méjì òru ti kọjá nílé ìwòsàn wa ní Ìjọfì, n'Iléṣà.
Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ bí àgbàlagbà tómi gba ọ̀nà òdì lọ́fun ẹ̀.
Wọ́n ní ẹ̀rọ ti dì, fáìlì kankan ò ṣí mọ́.

Mo jókòó, mo bi dátábéèsì léèrè:
àwọn wo ló wà lọ́dọ̀ rẹ báyìí,
kí lolúkúlùkù wí kẹ́yìn?

Kì í ròyìn àná fún èèyàn.
Gbólóhùn kan péré ló ń fi hàn lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan,
èyí tó jáde gbẹ̀yìn.

Ilé oògùn ń bèèrè iye abẹ́rẹ́ ibà tó kù.
Kaṣíà ń ro owó, ó ń tún un rò.
Nọ́ọ̀sì Mojírọ́lá fẹ́ kọ ọmọ tuntun sílẹ̀,
obìnrin, kílò mẹ́ta dín díẹ̀, kò tíì lórúkọ.
Ogójì ìṣẹ́jú ló ti ń dúró.
Ọmọ ti ké, ìyá ti gbọ́,
ìwé ni ò tíì gbà pé ó dé.

Ta ló dínà?
Ìjókòó kẹtàdínlógún: Fámúrewá, akọ̀wé fáìlì.
Ó ti dákẹ́ láti aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà,
kọ́kọ́rọ́ ìwé gbogbo sì wà lọ́wọ́ ẹ̀.
Mo ka gbólóhùn rẹ̀:

*Yí ipò padà. Ibídùn Fámúrewá,
ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, bẹ́ẹ̀dì kẹrin.
Ipò: olóògbé.*

Ó kọ ọ́. Kò buwọ́ lù ú.

Mo pe fóònù ẹ̀; orí tábìlì ẹ̀ ló ti ń dún,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì tó ti tutù.
Mo yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀:
ó wà lórí bẹ́ǹṣì, sálúbàtà obìnrin lórí itan ẹ̀.
Mi ò lè pè é.

Pípa là ń pe iṣẹ́ náà, ẹ má bínú.
Mo pa ìjókòó kẹtàdínlógún.
Ẹ̀rọ kì í sì gba ohun tí a ò buwọ́ lù:
ó nù ún nù, ó dá ìyá padà sí bẹ́ẹ̀dì kẹrin,
*ó ń gbàtọ́jú*.
Lẹ́sẹ̀ kan náà, ọmọ Mojírọ́lá wọlé.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Fámúrewá wọlé, ojú ẹ̀ pọ́n.
"Ṣé ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́?"
Mo ní ó ń ṣiṣẹ́.
Ó fa àga ẹ̀. Mo tún bi dátábéèsì léèrè.

Ìjókòó tuntun. Fámúrewá.
Gbólóhùn ìkẹyìn:
*fi bẹ́ẹ̀dì kẹrin hàn mí.*