Kí Ló Kù Nínú Ọgọ́rùn-ún?

Ní ilé ìwòsàn Wúsásà, lẹ́yìn odi Sáríà,
ọyẹ́ ti da eruku bo igi gúáfà tó wà lójú fèrèsé.
Bàbá mi jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì,
apá ọ̀tún rẹ̀ wúwo bí sìmẹ́ńtì tí òjò pa.
Bàbá tó ta tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè títí irun rẹ̀ fi funfun,
tó mọ owó ọkọ̀ láti Sáríà dé Kaúrà Nàmódà
láìṣí ìwé wò.

Dókítà Zaharadíìnì, ọmọdé tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún,
mú bébà jáde, bébà tí wọ́n fi ń wọn ọpọlọ.
"Baba, ka cire bakwai daga ɗari."
Mú méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún.
Máa mú un kúrò lọ, títí n ó fi ní ó tó.

Bàbá wo ilẹ̀. Ó wò mí.
Haúsá tó fi ń ná ẹran, tó fi ń bá àwọn tí kò sanwó ọkọ̀ jà,
àìsàn ti ká a kúrò lóru ọjọ́ kan
bí ẹni ká aṣọ lórí okùn nígbà tí òjò ṣú.
Òyìnbó tẹ̀lé e.
Èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é wá jẹun ní Òrò-Àgọ̀
nìkan ló ṣẹ́ kù.

"Ẹ̀tàléláàádọ́rùn-ún," ni Bàbá wí.
Ètè rẹ̀ wọ́ díẹ̀ ní apá kan.
"Ẹ̀rìndínláàádọ́rùn-ún."
Dókítà gbé bíírò sókè, ó kọjú sí mi: ṣé ó gbà á?

Ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n.
Sábó ni wọ́n bí mi sí. Mo ń sọ Yorùbá,
mo lè fi bú ènìyàn, mo lè fi tọrọ àforíjì,
ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá ogún,
Haúsá ni mo fi ń ka owó, òyìnbó ni mo fi ń ka ọjọ́ orí mi.
Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ gèlè tó wà lórí itan mi,
mo ń ṣẹ́ ìka:
ogún lọ́nà márùn-ún, yọ ẹ̀wá,
yọ ẹ̀rin…

"Ọ̀kàndínlọ́gọ́rin," Bàbá ti lọ.
"Èjìléláàádọ́rin."

Ta ló kọ́kọ́ ronú báyìí?
Ẹni náà ti rìn dé iwájú
kó tó bojú wẹ̀yìn wo ohun tí kò pé,
kó sì sọ ọ́ lórúkọ láìtijú.
Márùndínlógún kì í ṣe ogún tó ń ṣàìsàn.
Nǹkan kan dín nínú rẹ̀, a sì ń fi san gbèsè.

Àrùndínláàádọ́rin.
Èjìdínlọ́gọ́ta. Níbí ó dúró, ó mu omi,
omi dà sí àyà rẹ̀, n kò nù ún, mo ń kà.
Ọ̀kànléláàádọ́ta.
Ẹ̀rìnlélógójì.
Ẹ̀tàdínlógójì ló pẹ́ jù. Ó ń wá a
bí ẹni tó ń wá ṣéńjì nínú àpò tó ti lu.

Lẹ́yìn náà: "Ọgbọ̀n."

Ó sinmi. Ó tún un pè, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè ní ìparí:
"Ọgbọ́n."
Ó fi ìdajì ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín.
Láàárín àwa mẹ́ta, òun nìkan ló mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín,
títí ó fi yé mi, tó pẹ́ kó tó yé mi.

Dókítà ti kọ nǹkan sínú àpótí kékeré kan lórí bébà náà.
Ó ní: ṣé ó gbà á?
Mo ní kó jọ̀ọ́, kó dúró ná.
Ìka mi ṣì wà ní àádọ́ta.