Mo Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ìjálá

Ní ojú ìwé kọkànlá, lẹ́yìn gbogbo òǹkà àti àwòrán,
ibẹ̀ ni mo wà, ìlà kan péré:
"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ìjálá."
Ìjálá kẹ̀! Ta ló sọ fún wọn pé ọdẹ ni mí?
Ìjàọlá lorúkọ tí bàbá mi sọ mí ní Ifẹ̀wàrà.
Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń jó irin
ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, ní Yunifásítì Ifẹ̀.
Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ló ti ọwọ́ mi yìí jáde,
ìbọ̀wọ́ mi ṣì lu síbẹ̀.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Dókítà Ọ̀ṣúntògùn gbé àwòrán tirẹ̀ dé,
ó fi ọ̀rá búrẹ́dì wé e bí ọmọ tuntun.
Ẹ̀rọ tí yóò máa bó ẹ̀gẹ́.
Mo wò ó títí. Mo ní, "Dókítà, ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọsàn,
ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní iké tirẹ̀."
Ó rẹ́rìn-ín, ó pa á rẹ́, ó tún un yà.
Irin bẹ́ẹ̀dì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sùn bàjẹ́ la gé.
Iná lọ. A dúró. Iná dé ní aago méjì òru,
a fò dìde bí ẹni tí àkeekèé ta.

Ìyanṣẹ́lódì dé, oṣù mẹ́jọ láìsí kọ́bọ̀.
Dókítà gbin ilá sẹ́yìn kọ́tà.
Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́, Ọ̀mọ̀wé Adégbènró,
tó ń wádìí ìdí tí ọmọdé fi ń bẹ̀rù ìṣirò,
ṣírò owó oṣù tirẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀rù bà á,
ó gba Kánádà lọ.
Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Alángbá ló ń gba àlejò níbẹ̀.

Ìwé àkọ́kọ́ tí Dókítà fi ránṣẹ́ padà wá: kò jinlẹ̀ tó.
Ẹlẹ́ẹ̀kejì: èdè rẹ̀ wọ́.
Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní ó dára, kó san dọ́là.
Ó ta ẹ̀gbà ọrùn ìyá rẹ̀.
Lórí ìwé, nínú ẹ̀gẹ́ ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rọ wa ń bó mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.
Ìgbìmọ̀ ìgbéga kà á. Wọ́n ní, "Ó ku méjì."
Ọdún mẹ́rin ni "ó ku méjì" yẹn jẹ́.
Ìwé ni wọ́n ń wọ̀n. Wọn kì í béèrè ẹ̀gẹ́.

Nígbà tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n, gbọ̀ngàn kún.
Mo jókòó lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀.
Ó dárúkọ àwọn ọ̀gá, ó dárúkọ ọkọ, ó dárúkọ Ọlọ́run.
Mo ń retí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó tán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bàtà rọ́bà ló wọ̀ wá bá mi.
"Bàbá, kọ́kọ́rọ́ dà?"
Ẹ̀rọ náà wà lábẹ́ páànù, ọmọńlé ti yé ẹyin sínú rẹ̀.
A rọra kó ẹyin kúrò, a gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ó di Ifẹ̀wàrà,
ọ̀dọ̀ Màmá Àbẹ̀jẹ́, àbúrò ìyá mi,
tí ọ̀bẹ ti kọlà sí àtàǹpàkò rẹ̀.
Ẹ̀rọ bó èèpo, ó bó ẹran ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn,
ohun tó kù kò ju ìka lọ.
Màmá gbé e sókè, ó wò ó sí oòrùn:
"Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ̀rọ yín yìí ń jẹun ju ọmọ lọ o."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò bínú. Ó jókòó sórí àpótí,
ó mú ọ̀bẹ, ó ní kí Màmá kọ́ òun bí ọwọ́ ṣe ń yí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ti dé ṣọ́ọ̀bù,
àwòrán tuntun wà lẹ́yìn ìwé ètò ayẹyẹ rẹ̀.
Lókè rẹ̀: orúkọ tirẹ̀, orúkọ Màmá, àlàfo kan.
"Bàbá, báwo lẹ ṣe ń kọ orúkọ yín gan-an?"
Mo ní kó kọ́kọ́ bá mi di bóòtù yẹn mú.